Ìbéèrè Tí Àwọn Ọ̀dọ́ Wa Ń Gbé Mì Níwájú Agbanisíṣẹ́

Nígbà tí wọ́n bá pe ọ̀dọ́ kan láti Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní Kútọnu, ìmọ̀ràn àwọn àgbà ilé kì í pọ̀: kí ó wọ aṣọ tí ó mọ́, kí ó kí gbogbo ẹni tí ó bá bá níbẹ̀, kí ó dáhùn ohun tí wọ́n bá bi í, kí ó má sì béèrè owó. Ìmọ̀ràn ìkẹyìn yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ mọ̀ kò ṣòro. Èló ni owó oṣù? Ṣé iṣẹ́ ni èyí, àbí stage? Bí ó bá jẹ́ stage, ìgbà wo ni yóò parí, kí ni yóò sì tẹ̀ lé e? Bí ìkéde bá béèrè ìrírí ọdún méjì lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́, níbo ni kí ó ti rí i? Ṣùgbọ́n bí agbanisíṣẹ́ bá ní, « Ǹjẹ́ o ní ìbéèrè? », wọn a ní, « Rárá, ọ̀gá. »

Àwọn kan ń sọ pé ọmọ tí a kọ́ kì í béèrè owó kí ó tó fi ọwọ́ kan iṣẹ́. Àṣà wa kò sọ bẹ́ẹ̀. Bí bàbá bá ń mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ láti kọ́ṣẹ́, ẹbí a tẹ̀ lé e. Wọn a jókòó, wọn a sọ iye ọdún tí ọmọ yóò lò, ohun tí ẹbí yóò san, ẹni tí yóò máa bọ́ ọ, àti ohun tí ọjọ́ ìdásílẹ̀ yóò gbà. Ọ̀gá kì í bínú sí i. Bí ọdún bá pé tí kò sì dá ọmọ sílẹ̀, ẹbí ní ẹnu láti fi sọ̀rọ̀, nítorí pé ẹlẹ́rìí wà. Stage òde òní ni kò ní ẹlẹ́rìí. Ọ̀dọ́ a wọ inú rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, wọn a fi kún un, wọn a tún fi kún un, títí yóò fi di pé òun ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì láàárọ̀, òun náà ni ó ń tì í lálẹ́, tí owó ọkọ̀ nìkan sì ń wọlé fún un, bí ó bá tilẹ̀ ń wọlé.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023, owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin Bẹ̀nẹ̀ gbà ni 52.000 fáránkì, ti Tógò jẹ́ 52.500. Ti òṣìṣẹ́ ni, kì í ṣe ti ẹni tí ó wà ní stage. Ìdí nìyí tí « iṣẹ́ ni àbí stage? » fi yẹ kí ó ṣáájú « èló ni? ». Òfin ọdún 2017 lórí ìgbanisíṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ sì fi àyè gba títún àdéhùn onígbà kúkúrú ṣe léraléra, nítorí náà kí ọ̀dọ́ wo ọjọ́ ìparí kí ó tó fọwọ́ sí i. Kí ó béèrè nípa CNSS pẹ̀lú: 3,6 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ni a ó máa yọ.

Ìbéèrè kan kéré lójú, ó sì wúwo: níbo ni n ó máa sùn? Ọmọ Kétu tí ó rí iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ tàbí ti kajú ní Glo-Djigbé kò lè máa ti ilé bàbá rẹ̀ lọ lójoojúmọ́. Owó ilé àti oúnjẹ yóò ti jẹ nínú owó náà kí ó tó rántí ìyá rẹ̀ nílé.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni fi owó ṣe ìkíni. Kí ọ̀dọ́ kọ́kọ́ sọ ohun tí ó lè ṣe, kí ó wá ní: « Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀gá, mo fẹ́ mọ bí àdéhùn iṣẹ́ náà yóò ti rí. » Agbanisíṣẹ́ tí inú bá bí sí èyí ti dáhùn ìbéèrè mìíràn tí a kò tíì bi í.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọmọ wa síṣẹ́ ní Àjàṣẹ́ àti Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ kọ owó oṣù àti gígùn àdéhùn sínú ìkéde yín. Àwọn tí yóò wá lè dín kù, ṣùgbọ́n wọn yóò ti mọ ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá ṣe.