Káńfọ̀ Inú Aṣọ Ọmọ

Ẹ sún mọ́ iná, ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní UNIMED, tí ẹ ń ti Oǹdó lọ sí Àkúrẹ́ torí aláìsàn. Ojú yín yóò rí ìyanu lẹ́nu iṣẹ́ yìí.

Ẹ ò bá chloroquine láyé. Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é lọ́dún 1934, ó sì di oògùn ibà gbogbo ilé. Bí ẹni tí kò bá lára mu bá lò ó láàárọ̀, kó tó di alẹ́, àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ àti gbogbo ara yóò máa yún un bí ẹni pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ. Á họra títí, kò ní sùn, ẹ ò sì ní rí kókó kan lára rẹ̀. Oògùn kan náà, òyìnbó á lò ó, á sùn fọnfọn. Àwa aláwọ̀ dúdú ló ń bá fínra jù. Àwọn kan kúkú fara mọ́ ibà ju oògùn lọ. Lọ́dún 2005 ni ìjọba àpapọ̀ fi oògùn alápapọ̀ tó ní artemisinin rọ́pò rẹ̀, torí pé kòkòrò ibà ti borí rẹ̀.

Ìyẹn kéré. Ti káńfọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù.

Ìyá á ra káńfọ̀ l'Ọ́jà Ọba Àkúrẹ́, á jù ú sáàárín aṣọ ọmọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ó bímọ, ó yọ aṣọ, ó wọ̀ ọ́ fún un. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ojú ọmọ á pọ́n. Ọmọ ilé kejì wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀, kò sóhun tó ṣe é. Ayé ni wọ́n máa ń fi sùn.

Ẹ̀jẹ̀ ni. Èròjà kan wà tó ń dáàbò bo hóró ẹ̀jẹ̀ pupa, G6PD lorúkọ rẹ̀. Nínú ọkùnrin Yorùbá márùn-ún, ó tó ẹnì kan tí tirẹ̀ kò pé. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọkùnrin ti ń jogún àìpé yìí, ìyá sì lè máà mọ̀. Naphthalene inú káńfọ̀ á gba awọ àti imú wọlé, hóró ẹ̀jẹ̀ á máa bẹ́. Ohun aláwọ̀ ìyeyè tó ń ti inú wọn jáde á pọ̀ ju ohun tí ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun lè kó dànù. Bó bá dé ọpọlọ, ọmọ lè di adití, ó sì lè kú. Kì í ṣe káńfọ̀ nìkan: lọ́dún 1980, Olowe àti Olikoye Ransome-Kuti, tó di mínísítà ètò ìlera lẹ́yìn náà, kọ̀wé nípa ewu tí mẹ́ntọ́ọ̀lù ń ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn ń fi pọ́dà onímẹ́ntọ́ọ̀lù sí ìwọ́. Oògùn ibà tó ń jẹ́ primaquine náà lè da ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tí G6PD rẹ̀ kò pé rú.

Kí ló dé tí irú ẹ̀jẹ̀ yìí kò parẹ́ láàárín wa? Lọ́dún 1969, Lucio Luzzatto àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọbìnrin kan wò, àwọn tó ní hóró tí G6PD rẹ̀ pé àti èyí tí tirẹ̀ kò pé pọ̀, nígbà tí ibà mú wọn. Inú èyí tó pé ni kòkòrò ibà pọ̀ sí jù. Áà, ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run! Ohun tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀fọn ló sọ ọ́ di ẹran ọdẹ fún káńfọ̀.

Wọ́n ń kọ́ yín ní kíláàsì pé oògùn ń ṣe ara, ara náà sì ń ṣe oògùn. Ẹ máa bi aláìsàn: “Oògùn wo ló ti bá yín jà rí?” Èyí tó bá bá wọn jà, ẹ kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù aláwọ̀ ìyeyè ti NAFDAC. Ọmọ tí ojú rẹ̀ bá pọ́n, ẹ tètè gbé e sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù, kí ẹ sì ní kí ìyá rẹ̀ fọ gbogbo aṣọ tó bá fi káńfọ̀ sí, kó sá a sóòrùn.