Bí Ẹni Tó Ń Dá Kàwé Ṣe Rí Ọ̀nà Wọ Ìdánwò Sáyẹ́ǹsì

Ní Alímọ̀ṣọ́ nípìnlẹ̀ Èkó, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkòtún títí wọ Ìgàǹdó, ìwé ìpolówó ìdánwò GCE, JAMB àti JUPEB kún ara ògiri àti òpó iná. Kò yani lẹ́nu. Ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí nígbà ìkànìyàn ọdún 2006. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ibẹ̀ ló ń kọ́ṣẹ́ tàbí tajà lọ́sàn-án, tó wá ń ṣí ìwé físíìsì Anyakoha tàbí ìwé kẹ́mísírì Ababio lálẹ́.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń dá kàwé báyìí. Láti 1858 ni Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ti gbà kí ẹni tí kò sí lọ́dọ̀ wọn ṣe ìdánwò oyè wọn. Nàìjíríà níbí ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jókòó sí tó fi gba oyè ìmọ̀ okòwò wọn ní 1944. Chike Obi náà dá ka ìṣirò gboyè Lọ́ńdọ̀nù kó tó lọ sí Cambridge. Ẹ kíyè sí i: okòwò àti ìṣirò ni. Ìwé, gègé àti àtùpà tó fún ìyẹn. Sáyẹ́ǹsì ń fẹ́ láàbù, ta ló sì ní láàbù nínú yàrá tó háyà?

WAEC, àjọ ìdánwò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, ló wá nǹkan ṣe sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nílé ẹ̀kọ́ á wọ láàbù lọ ṣe ìdánwò ọlọ́wọ́. Ẹni tó dá forúkọ sílẹ̀ á dáhùn tirẹ̀ lórí ìwé. Wọ́n á ya burette fún un, òun á ka ibi tí ásíìdì dúró sí, á tò ó sínú tébù, á sì ṣírò rẹ̀. Mo gbóríyìn fún ètò yìí gan-an, nítorí láìsí i, ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì àti ẹnjiníà ò bá má dé ibi tí wọ́n dé. Síbẹ̀ ó ń dùn mí pé ènìyàn lè gba A1 nínú kẹ́mísírì láìtíì fojú ara rẹ̀ rí i kí omi yí àwọ̀ padà.

A-level ló wá ṣòro jù. Láyé àtijọ́, tíṣà kan lè dá kà á, kó yege, kó sì wọ yunifásítì. Ìgbà tí ètò 6-3-3-4 dé ní 1982 ni HSC, ìdánwò A-level ìgbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí kógbá sílé. IJMB tí Yunifásítì Ahmadu Bello bẹ̀rẹ̀ ní 1976, àti JUPEB tí yunifásítì mẹ́wàá gbé kalẹ̀ ní 2014, tí Unilag ṣíwájú wọn, ló wà nílẹ̀ báyìí. Abẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kan lèèyàn gbọ́dọ̀ gbà ṣe méjèèjì, ó sì ń náni lówó.

Bẹ́ẹ̀ statistics, tó jẹ́ ọ̀kan nínú apá mẹ́rin ìṣirò JUPEB, rọrùn láti dá kọ́. Ẹni tó bá ń kọ owó tí kọ́ńdọ́kítọ̀ ń gbà láti Ìgàǹdó sí Ìkòtún sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún oṣù kan ti ní ohun tó lè fi wá mean, median àti standard deviation. Ọjọ́ òjò àti ọjọ́ tí epo wọ́n á hàn kedere nínú rẹ̀.

Ní 2018, WAEC fi ìdánwò oṣù kìíní kún ti àwọn tó ń dá ṣe é. Ní 2024 wọ́n gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Ó dára. Ó ku láàbù. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba wà káàkiri Alímọ̀ṣọ́. Kí ìjọba ṣí láàbù wọn lọ́jọ́ Sátidé, kí tíṣà kan dúró níbẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń dá kàwé yìí fọwọ́ ara wọn di burette mú kí wọ́n tó lọ ka àwòrán rẹ̀ nínú ìdánwò.