Ọ́ìlì ni Omi Ìjàpá: Bí Ó Ṣe Ń Rìn Nínú Ẹ́ńjìnì Volkswagen



Àwọn kan ṣì wà nínú wa tí wọ́n ń wa Volkswagen Ìjàpá, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó ní ọdún 1975. Ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ni ẹlòmíràn fi ń tún tirẹ̀ ṣe. Ìbáà jẹ́ pé ọkọ̀ ń rìn, ìbáà jẹ́ pé ó ti gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ̀yáwó ò ní ṣàì di sísan lóṣooṣù. Bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì tí kò tó lè pa ẹ́ńjìnì yìí láàárín ìrìn àjò kan ṣoṣo. (Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ni à ń wí o, kì í ṣe bẹntiróòlù.)

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, sílíńdà máa ń dúró lóòró, omi inú rẹdiétọ̀ a sì máa tù ú. Ti Ìjàpá dùbúlẹ̀ gbalaja ni, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Kò ní rẹdiétọ̀. Atẹ́gùn tí fáànù ń fẹ́ ni ó ń tù ú, ọ́ìlì sì ń ràn án lọ́wọ́. Iṣẹ́ méjì ni ọ́ìlì ń ṣe níbẹ̀ nígbà náà: kì í jẹ́ kí irin họ irin, ó sì tún ń kó ooru kúrò. Gbogbo ọ́ìlì ọ̀hún ò sì ju lítà 2.5 lọ!

Ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì ni ó ń gbé. Páǹpù kan máa ń fà á gba inú asẹ́ wáyà, á tì í lọ sínú kúlà tí ó dúró lójú atẹ́gùn fáànù. Bí ó bá ti tutù díẹ̀, á gba inú àwọn ihò tí wọ́n lu sínú irin dé ibi bíárìn. Inú kíráǹkì pàápàá ní ihò tí ó gbé e dé ìdí kọnírọ́ọ̀dù. Àwọn ọ̀pá tín-ín-rín tí ń ti fáàfù náà ní ihò nínú, ibẹ̀ ni apá kan ń gbà dé orí sílíńdà. Ní ti písítìnnì, èyí tí kíráǹkì bá ta sí i lára ni ó ń lò.

Láàárọ̀ tí ọ́ìlì ṣì tutù tí ó ki, fáàfù kékeré kan máa ń ṣí, kí ọ́ìlì má baà gba inú kúlà kí ó bẹ́ ẹ. Nítorí náà, ẹ má ṣe tẹná mọ́ ọn bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i.

Àtipadà ọ́ìlì gan-an ni wàhálà wà. Nínú ẹ́ńjìnì tí ó dúró, ṣe ni ọ́ìlì ń já bọ́ wálẹ̀ tààrà. Ti Ìjàpá, ẹ̀gbẹ́ ni orí sílíńdà wà, nítorí náà páìpù 8 tí ó dagun lábẹ́ sílíńdà ni ọ́ìlì ń gbà padà. Rọ́bà wà létí kọ̀ọ̀kan méjèèjì, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 16. Ooru a máa sọ rọ́bà di líle, á wá máa jò. Ẹ̀kán kékeré tí ẹ ń rí nílẹ̀ láàárọ̀ nìyẹn. Ẹni tí ó ní lítà 2.5 péré kò lè fojú di ẹ̀kán.

Ẹ má sì gbára lé iná ọ́ìlì. Agbára tí ọ́ìlì fi ń rìn ni iná yẹn ń sọ, kì í sọ bí ó ti pọ̀ tó. Bí ó bá ń ṣẹ́jú nígbà tí ẹ bá ṣẹ́ kọ́nà, ọ́ìlì ti ṣàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, páǹpù ń fa atẹ́gùn. Géèjì ni kí ẹ yọ wò, lórí ilẹ̀ títẹ́jú, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa ẹ́ńjìnì fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Kí ó wà láàárín àmì méjèèjì. Bí ó bá kọjá ti òkè, èéfín ni yóò máa rú.

Asẹ́ wáyà yẹn ò lè mú ìdọ̀tí wẹ́wẹ́, Ìjàpá ò sì ní fílítà mìíràn tí wọ́n ṣe mọ́ ọn. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ní gbogbo 5,000 kìlómítà, kí ẹ sì fọ asẹ́ náà. Nọ́ọ̀tì kéékèèké 6 ni ó dì í mú. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fi sípánà gígùn yí i ní àyíkú, ojú rẹ̀ yóò bó.

Bẹ́líìtì tí ń yí jẹnẹrétọ̀ ni ó ń yí fáànù. Bí iná jẹnẹrétọ̀ bá ṣàdédé tàn lójú ọ̀nà, ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí ẹ yẹ bẹ́líìtì wò. Bí ó bá ti já, ọ́ìlì nìkan ò lè tu ẹ́ńjìnì náà dé ilé.