Kì í ṣe dòdò Ìkirè ló fà á

Ẹ jẹ́ n bi yín ní ìbéèrè kan. Tí èéfín bá ń wọ inú bọ́ọ̀sì, ṣé ká ṣí búùtù ẹ̀yìn sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ wọlé, àbí ká tì í pa? Nílé wa ní Àrẹ̀mọ, gbogbo wa la máa ní ká ṣí i. Díẹ̀ báyìí ló kù kí ìdáhùn yẹn pa ìyá àgbà wa.

Àbúrò bàbá mi ló ni bọ́ọ̀sì náà. Tòkunbọ̀ ni, ẹrù ló ń kó lókè òkun, kò ní fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀pọ̀ dánfó, wẹ́dà ló gé fèrèsé sí i lára, tó sì de àga irin mọ́lẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ gbó, tí kò lè kó èrò mọ́, wọ́n yọ àga ẹ̀yìn, wọ́n tẹ́ fóòmù síbẹ̀, wọ́n ta kọ́tìnì. Ó di ọkọ̀ ìrìn-àjò ẹbí. "Ilé Alágbèéká" là ń pè é.

Lọ́jọ́ tí a ń lọ síbi ìgbéyàwó ní Iléṣà, èèyàn 9 ló wà nínú rẹ̀. Ìyá Àgbà sùn sórí fóòmù, àwọn ọmọ yí i ká. Ẹrù pọ̀ débi pé búùtù ò ṣeé tì, okùn la fi so ó. A ra dòdò ní Ìkirè. Ká tó dé Gbọ̀ngán, àwọn ọmọ ti ń bì, orí ń fọ́ màámi, Ìyá Àgbà sì ń sun oorun kan tó ṣòro láti jí i nínú ẹ̀. "Dòdò yẹn ni o!" ni wọ́n ń pariwo.

Àmọ́ Ìyá Àgbà ò fẹnu kan dòdò. Èmi tí mo jẹ ẹ́ jù, ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà ni mo wà, fèrèsé mi ṣí sílẹ̀, kò sóhun tó ṣe mí. Ara fu mí. Mo ní kí wọ́n dúró, ká sọ gbogbo èèyàn kalẹ̀. Mo yọjú wo abẹ́ ọkọ̀: sàláńsà ti jẹrà, ó ti lu. Ihò tí wọ́n fi de àga àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀ ọkọ̀, fóòmù ló bò ó mọ́lẹ̀.

Kí ló wà nínú èéfín yẹn?

Tí epo bá jó dáadáa, carbon dioxide àti omi ló ń jáde. Tí ọ́síjìn tó fi ń jó ò bá tó, carbon monoxide, ìyẹn CO, á jáde pẹ̀lú. CO ò láwọ̀, kò lóòórùn. Ohun tí imú yín ń gbọ́ lára èéfín, nǹkan mìíràn ni.

Nínú ẹ̀jẹ̀, hemoglobin ló ń gbé ọ́síjìn kiri. Àmọ́ CO lágbára láti dì mọ́ ọn ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju ọ́síjìn lọ. Ẹ wo dánfó kan ní Ọjà'ba tí àwọn kan ti jókòó kún, tí wọn ò sì fẹ́ bọ́lẹ̀. Ọ́síjìn pọ̀ ní gáréèjì, kò rí àga jókòó ni. Orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, òòyì á máa kọ́ni, lẹ́yìn náà èébì àti oorun. Àwọn ọmọdé ń mí kíákíá ju àgbà lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń tètè mú wọn. Torí irú èyí náà ni àwọn awakùsà Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń gbé ẹyẹ canary wọ inú ihò kùsà títí di nǹkan bí ọdún 1986. Ẹyẹ á ti ṣubú kó tó kan èèyàn.

Búùtù wá ńkọ́?

Tí ọkọ̀ bá ń sáré, ó ń la afẹ́fẹ́ kọjá. Afẹ́fẹ́ ò tètè padà dí àyè tó wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà, agbára afẹ́fẹ́ ibẹ̀ máa ń dín kù, á sì máa yí po lójú kan. Ibẹ̀ gan-an ni ẹnu sàláńsà wà. Tí búùtù bá ṣí, èéfín tó ń yí po yẹn á wọlé tààrà, orí ẹni tó sùn lẹ́yìn ló sì máa kọ́kọ́ bà.

A gbé Ìyá Àgbà lọ sí ọsibítù, wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú. Téèyàn bá ń mí afẹ́fẹ́ lásán, ó máa ń tó wákàtí 4 sí 5 kí CO inú ẹ̀jẹ̀ tó dín sí ìdajì. Pẹ̀lú ojúlówó ọ́síjìn, ó lè jẹ́ wákàtí 1 sí wákàtí kan àbọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ìka o! Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín CO àti ọ́síjìn, ó lè sọ pé ara le nígbà tí ara ò le.

Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ẹbí:

- Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yẹ sàláńsà wò láti ẹnu ẹ́ńjìnnì dé ìdí.
- Ẹ dí gbogbo ihò ilẹ̀ ọkọ̀, pàápàá ibi tí wọ́n ti yọ àga.
- Ẹ má fi búùtù sílẹ̀ ní ṣíṣí. Tí ẹrù bá pọ̀ jù, ẹ gba ọkọ̀ mìíràn fún un.
- Ẹ má sùn sínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ má sì dáná èédú nínú rẹ̀.
- Tí orí èèyàn 2 tàbí 3 bá ń fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ dúró, ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ wá ọsibítù.

Ara Ìyá Àgbà ti yá. Ìgbà tó lajú, ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni pé ta ló jẹ dòdò tòun.