Ìsọdipúpọ̀ Láìlo Bírò

Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ gbajúmọ̀ fún epo pupa. Bí oníbàárà kan bá dé ọ̀dọ̀ ìyá elépo ní Àjàgbà, tí ó sì fẹ́ ra ìgò méjìdínlógún ní ₦1,450 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyá náà kò nílò bírò. Yóò ṣírò owó ogún ìgò, èyí tí í ṣe ₦29,000. Yóò yọ owó ìgò méjì, ₦2,900, kúrò níbẹ̀. Yóò sì béèrè ₦26,100. Ọmọ rẹ̀ tí ó há ìsọdipúpọ̀ sórí ní ilé-ìwé lè máà tíì kọ 18 sílẹ̀ tán.

Níbo ni ọgbọ́n yìí ti wá? Inú orúkọ iye náà ni. Méjìdínlógún ni ogún tí ó dín méjì. Mẹ́rìnlélógún ni ogún tí mẹ́rin lé lórí. Nítorí náà, owó ìgò mẹ́rìnlélógún ni ₦29,000 pẹ̀lú ₦5,800, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ₦34,800. Èdè Yorùbá ti pín iye náà kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀.

Báyìí náà ni àwọn baba ńlá ṣe ń ka owó ẹyọ. Márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ṣà á kúrò nínú òkìtì títí yóò fi di ogún. Ogún márùn-ún di ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún méjì di igba. Míṣọ́nnárì Adolphus Mann ṣe àlàyé rẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ kan tí ó jáde ní 1887.

Ní ilé-ìwé, mẹ́wàá àti mẹ́jọ ni wọ́n ń pín 18 sí. Ìyẹn náà tọ̀nà: ₦14,500 pẹ̀lú ₦11,600 jẹ́ ₦26,100 bákan náà. Ọ̀nà kejì tipa bẹ́ẹ̀ di ẹlẹ́rìí fún èkíní.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ẹsẹ̀ ọmọdé ti máa ń yọ̀. Bí ó bá ti rí ₦29,000, yóò yọ 2 péré kúrò, yóò sì pe ₦28,998. Owó ìgò méjì ni ó yẹ kí ó yọ, kì í ṣe náírà méjì. Oníbàárà yóò fi ₦2,898 ṣòfò, ìyá elépo yóò sì gba orúkọ arẹ́nijẹ láìmọwọ́mẹsẹ̀.

Nítorí náà, ó yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ bi ọmọ léèrè ohun tí orúkọ iye ń sọ. Ọmọ tí kò lè ka iye ní Yorùbá mọ́ ti pàdánù ohun èlò tí ìyá rẹ̀ ń lò lójoojúmọ́.