Gígun Òkè Agu ní Ọjọ́ Méjì



Ẹni tó bá ti dé Sábẹ mọ àwọn òkè òkúta tó wà níbẹ̀. Òkúta ni wọ́n, igi kò pọ̀ lára wọn. Bí ọmọ ẹni bá ń gun irú òkè bẹ́ẹ̀, ènìyàn lè dúró nísàlẹ̀ kí ó máa wò ó. Òkè tí a fẹ́ kà nípa rẹ̀ lónìí kò rí bẹ́ẹ̀. Igi ló bò ó. Bí ènìyàn bá ti rìn díẹ̀ wọ inú rẹ̀, ará ìsàlẹ̀ kò rí i mọ́, òun náà kò sì rí orí òkè tó ń lọ. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ènìyàn dá nìkan gùn ún. Ẹgbẹ́ ni a fi ń gùn ún, ẹgbẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ ní òfin.

Orúkọ òkè náà ni Agu. Ilẹ̀ Tógò ló wà, nítòsí ìlú Kpalimé, kò sì jìnnà sí ààlà ilẹ̀ Gánà. Láti Lomé dé Kpalimé tó kìlómítà 120. Kò sí òkè mìíràn ní Tógò tó ga tó o. Bí a bá wọn ọ́n láti ojú òkun, mítà 986 ni. Igi àgbọn tó ga dáadáa lè tó mítà 20. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀: bí a bá lè to igi àgbọn 49 léra wọn láti etí òkun, mítà 980 ni wọn yóò jẹ́. Orí Agu yóò ṣì fi mítà 6 ga jù wọ́n lọ.

Àwọn Ewe ló ń gbé lára òkè náà. Abúlé wọn wà nísàlẹ̀, òmíràn sì wà lára òkè gan-an. Àwọn Jámánì tó ṣe ìjọba Tógò láti 1884 di 1914 fi orúkọ òyìnbó kan, Baumann, pe orí òkè náà. Ní 1907 wọ́n ṣí ojú irin láti Lomé dé Kpalimé, kí wọ́n lè máa kó kòkó àti irè oko mìíràn lọ sí etíkun. Ọkọ̀ ojú irin kò gba ibẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n abúlé kan ṣì wà ní ẹsẹ̀ òkè tí à ń pè ní Agu-Gare títí di òní.

Ọ̀nà ọlọ́dà wà tó gun òkè náà. Ẹnìkan lè sọ pé: “Nígbà tí ọkọ̀ lè gbé mi, kí ni mo ń fi ẹsẹ̀ wá?” Òótọ́ ló sọ. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kí ó wọ ọkọ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ọ̀nà ẹsẹ̀ ló ń rí bí kọfí ṣe ń dàgbà lábẹ́ òjìji igi ńlá. Òun ló ń rí bí igbó ṣe kù sí ibi tó dagun jù, níbi tí ọkọ́ kò lè dé, àti sí ẹ̀gbẹ́ omi. Òun náà ló sì ń rí i pé oko ti gba ibi tó pọ̀ nínú ohun tó jẹ́ igbó tẹ́lẹ̀.

Bí ìrìn náà ṣe máa ń lọ nìyí. Ẹgbẹ́ dé ẹsẹ̀ òkè ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀ abúlé, nítorí oko olóko ni ọ̀nà náà gbà kọjá. Wọ́n wá ọmọ abúlé tó mọ ọ̀nà, wọ́n bá a ṣe àdéhùn owó rẹ̀ kí wọ́n tó gbéra. Wọ́n gùn dé abúlé tó wà lára òkè, wọ́n sùn síbẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, wọ́n gun èyí tó kù, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀. Bí ará abúlé bá kí yín pé “woezɔ”, “ẹ káàbọ̀” ló ń wí. Bí ẹ bá fẹ́ dúpẹ́, ẹ sọ pé “akpe”.

Ó rọrùn létí. Níbo wá ni ewu wà?

Ká ní ẹ jẹ́ ènìyàn 12. Ọ̀dọ́ mẹ́rin lágbára, wọ́n yára lọ síwájú pẹ̀lú ẹni tó mọ ọ̀nà. Ìyá kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó dúró láti gbọn òkúta kúrò nínú bàtà rẹ̀. Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ kò bojú wẹ̀yìn. Nígbà tí ìyá gbórí sókè, kò rí ẹnikẹ́ni. Ó rìn títí ó fi dé ibi tí ọ̀nà pín sí méjì. Ọ̀kan ń lọ sí orí òkè. Èkejì ń lọ sí oko kọfí kan, ó sì parí síbẹ̀. Ojú ọ̀nà méjèèjì jọra. Ìyá ya sí ọ̀nà oko. Ó pe àwọn ènìyàn rẹ̀ títí, wọn kò gbọ́. Àwọn tó wà níwájú rò pé ó wà pẹ̀lú àwọn tó wà láàárín. Àwọn tó wà láàárín rò pé ẹnìkan wà pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́yìn. Wákàtí méjì kọjá kí ẹnikẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa níbí, bí ó bá ti ń di agogo mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ń ṣú, òkùnkùn sì máa ń tètè kún inú igbó ju ìta lọ.

Bí ènìyàn ṣe ń sọnù lórí òkè nìyẹn. Kò nílò ẹranko búburú kankan.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbéra, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ sínú ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ ni iṣẹ́ yìí kàn. Ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ lọ́wọ́ baálẹ̀ tàbí ẹni mìíràn tó ń dúró nísàlẹ̀, kí ẹ sì kọ wákàtí tí ẹ rò pé ẹ óò padà sí i. Bí wákàtí náà bá kọjá tí ẹ kò dé, ẹni náà mọ iye ènìyàn tó yẹ kí wọ́n wá, ó sì mọ orúkọ tí wọn yóò máa pè. Ìwé kejì wà lọ́wọ́ olórí ẹgbẹ́.

Ẹ fún olúkúlùkù ní nọ́ńbà, láti 1 dé 12. Bí ẹ bá dé ibi tí ọ̀nà ti pín, ẹ dúró. Kí ẹni kìíní pe “ọ̀kan”, kí ẹni kejì pe “méjì”, títí dé “méjìlá”. Bí ẹ kò bá gbọ́ ohùn ẹnìkan, ẹ kò gbọdọ̀ ṣí ẹsẹ̀ níbẹ̀. Àwọn àgbàlagbà mìíràn a máa fi èyí rẹ́rìn-ín, wọn a ní eré ọmọdé ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí wọ́n ṣáà pe nọ́ńbà tiwọn.

Ẹni tó mọ ọ̀nà ni kó ṣíwájú. Ẹ wá ẹnìkan tó lágbára, tó sì ní sùúrù, kí ẹ fi í sẹ́yìn pátápátá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá ni kó tẹ̀ lé ẹni tó ṣíwájú, kó lè jẹ́ pé bó ti ń rìn ni gbogbo ẹgbẹ́ yóò máa rìn. Òdìkejì èyí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń ṣe. Wọ́n á fi ẹni tó rẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn alágbára á jókòó dè é, wọ́n á sinmi. Bó bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn báyìí, wọ́n á dìde, wọ́n á ní ó yá. Àwọn tó lágbára ló sinmi, ẹni tó rẹ̀ kò sinmi rárá.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ń yára jù, ẹ máa sọ̀rọ̀. Ẹni tó lè sọ̀rọ̀ kan parí láì máa mí hẹlẹhẹlẹ ń rìn dáadáa. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, kí ó rọra.

Wákàtí náà ní ìṣirò tirẹ̀. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ènìyàn lè rin kìlómítà 4 ní wákàtí kan. Àwọn tó mọ òkè í gùn máa ń fi wákàtí kan kún un fún mítà 600 tí wọ́n bá gùn sókè. Bí ọ̀nà yín bá jẹ́ kìlómítà 8, tí ẹ óò sì gun mítà 600, wákàtí méjì àti wákàtí kan ni, ó di mẹ́ta. Ẹ tún fi àkókò ìsinmi kún un. Ẹ fi ẹnu kò sí wákàtí tí ẹ óò yí padà, ìbáà jẹ́ pé ẹ kò tíì dé orí òkè.

Ọ̀rọ̀ omi wá kàn. Ẹni tó ń gun òkè nínú ooru lè fi òógùn sọ ìdajì lítà omi nù ní wákàtí kan, nígbà mìíràn ó lè tó lítà kan. Kí olúkúlùkù gbé lítà 2 dání, ó kéré tán. Ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀, ẹ má dúró de òùngbẹ. Omi tó ń ṣàn lára òkè mọ́ lójú, ṣùgbọ́n abúlé àti ẹran ọ̀sìn lè wà lókè ibi tí ẹ ti ń bù ú. Ẹ sè é kó hó dáadáa kí ẹ tó mu ún. Ẹ gbé gàrí, kúlíkúlí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání.

Bí orí bá ń fọ́ ẹnìkan, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì ti pọ́n, omi ara rẹ̀ ti dín kù. Ẹ mú un lọ sábẹ́ òjìji. Ẹ po lítà omi mímọ́ 1 pọ̀ mọ́ ṣíbí kékeré ṣúgà 6 àti ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀. Kí ṣíbí náà kún dọ́gba, kí ó má ga ní orí. Ẹ fún un mu díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀, tí ara rẹ̀ sì gbóná bí iná, ìyẹn ti kọjá ohun tí mímu omi lè wò. Ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀, kí ẹ sì wá bí yóò ṣe dé ilé ìwòsàn kíákíá.

Àwọn kan kì í gbàgbọ́ pé òtútù lè mú ènìyàn ní Tógò. Ẹ wo bó ṣe rí. Bí a bá gun mítà 1000 sókè, ooru a máa fi nǹkan bí ìwọ̀n 6 dín kù. Bí ó bá jẹ́ 30 létí òkun, yóò wà ní 24 tàbí 25 lórí Agu. Aṣọ yín ti tutù fún òógùn, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ lókè. Ẹ gbé aṣọ gbígbẹ kan dání, kí ẹ dì í kí òjò má kàn án.

Òjò pọ̀ lórí òkè ju ìsàlẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ láti òkun ló ń gbé ọ̀rinrin bọ̀. Bí ó bá kan òkè, ó di dandan kó gòkè. Bó ti ń gòkè ló ń tutù. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń se ọbẹ̀ ti rí i rí: bí ooru ọbẹ̀ bá kan ìdérí ìkòkò, á di ẹ̀kán omi. Báyìí náà ni kùrukùru ṣe ń bo orí Agu, tí òjò sì ń bọ́ nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn nísàlẹ̀.

Bí ẹ bá rí mànàmáná, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, ní pẹ̀lẹ́, títí ẹ óò fi gbọ́ ààrá. Bí ẹ bá ka mẹ́ta, ààrá náà wà ní kìlómítà 1 sí yín. Bí ẹ kò bá lè ka 30 kí ó tó sán, ẹ má ṣe gùn mọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má sá sábẹ́ igi tó dá dúró, ẹ má sì súnmọ́ àwọn òpó irin gíga tó wà lórí òkè. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín ara yín. Níbi yìí nìkan ni mo ti sọ pé kí ẹgbẹ́ má ṣe fara mọ́ra.

Ejò wà nínú igbó bó ti wà nínú oko yín. Ẹ fi ọ̀pá lu ewé níwájú yín. Bí ejò bá bu ẹnìkan jẹ, ẹ má gé ojú rẹ̀, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Kí ẹni náà má rìn. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, ẹni tó wà lórí Agu lè rí omi ńlá Volta ní ilẹ̀ Gánà. Nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ gbẹ, ẹsẹ̀ kì í yọ̀, ṣùgbọ́n eruku a máa bo gbogbo rẹ̀. Ní tèmi, oṣù kọkànlá ló dára jù: òjò ti ń lọ, ọyẹ́ kò tíì mú dáadáa. Kí ẹ tó ya fọ́tò nítòsí àwọn òpó náà, ẹ tọrọ àyè.

Ìsọ̀kalẹ̀ ló kù. Àwọn ènìyàn rò pé iṣẹ́ ti tán nígbà tí wọ́n bá dé orí òkè. Nígbà náà ni ẹsẹ̀ ti rẹ̀, tí ewé tútù sì ń yọ̀ lórí amọ̀, tí olúkúlùkù ń ronú oúnjẹ ilé. Ọ̀pọ̀ ń ṣubú níbẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúkúrú, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ fi ọ̀pá ti ìsàlẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kò gbọdọ̀ sáré. Ètò tí ẹ fi gùn ni kí ẹ fi sọ̀ kalẹ̀: ẹni tó mọ ọ̀nà níwájú, ẹni tó rẹ̀ tẹ̀ lé e, onísùúrù lẹ́yìn. Bí ẹ bá dé abúlé, ẹ pe nọ́ńbà lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó wọ ọkọ̀, kí ẹ sì lọ gba ìwé orúkọ yín padà lọ́wọ́ baálẹ̀, kó má baà rán ènìyàn lọ sínú igbó lóru láti wá yín nígbà tí ẹ ti dé Lomé.