Ìgbà Ìwọ́wé ní Ìlú Ọba

Àwa tí a bí sí ilẹ̀ tí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ń pín ọdún mọ́ ara wọn lọ́wọ́, kì í tètè yé wa bí àwọn ará Ìlú Ọba bá ní ìgbà ìwọ́wé dé. Láti oṣù Kẹsàn-án títí dé ìparí oṣù Kọkànlá ni àsìkò náà. Bí ojúmọ́ ti ń kúrú tí òtútù sì ń rọra wọlé, àwọn igi a máa fa oúnjẹ inú ewé wọn padà sára, àwọ̀ ewéko a ṣá, àwọ̀ ìyeyè tí ó ti sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ a yọjú, ewé àwọn mìíràn a pọ́n bí àlàárì, lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ yóò wá wọ́ dà sílẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, wọn a dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, nígbà tí oṣù Kọkànlá bá sì fi máa parí, nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni òòrùn ti ń wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹni tí ó bá ti pẹ́ níbẹ̀ mọ̀ pé òtútù kọ́ ni olórí ìyọnu àlejò. Àìrí ẹni bá sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn náà ni. Nítorí èyí ni mo fi gbà pé ìjáde, àjọjẹ àti àjọyọ̀ tí àwọn ọmọ wa ń bá ọ̀rẹ́ ṣe ní oṣù mẹ́ta wọ̀nyí, tí àwa ará ilé ń rí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù tí a sì ń pè é ní fàájì lásán, jẹ́ iṣẹ́ pàtàkì. Àwọn bàbá wa ní ènìyàn ni aṣọ. Ìgbà ìwọ́wé ni àlejò ń rán tirẹ̀ kí ọ̀gìnnìtìn tó dé.

Ápù ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ pe àwọn ọ̀rẹ́ jáde. Ẹkùn Kent, ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi èso yangàn láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Ní Brogdale, lẹ́bàá ìlú Faversham, irú ápù tí wọ́n gbìn kí ìran rẹ̀ má baà parun ju 2,000 lọ. Àwọn olóko a ṣí oko sílẹ̀, tọmọdé tàgbà a fi ọwọ́ ara wọn já èso, wọn a wọ̀n ọ́n, wọn a sì sanwó. Ọmọ olóko kòkó lè kọ́kọ́ ṣe kàyéfì pé ènìyàn a máa fi owó ra iṣẹ́ oko, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí yóò fi rí i pé ọ̀rọ̀ tí òun kò lè bá akẹgbẹ́ òun sọ ní ibi iṣẹ́ láti ọdún dé ọdún, wẹ́rẹ́ ni ó ń jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì nídìí igi. Àwọn tí kò fẹ́ rìn jìnnà a lọ sí ọgbà Richmond, ilẹ̀ ọdẹ tí Ọba Charles Kìn-ín-ní mọ odi yí ká ní 1637, níbi tí àgbọ̀nrín tí ó lé ní 600 ti ń jẹ̀ dòní, tí àwọn akọ wọn sì ń fi ìwo kan ìwo nítorí abo.

Nínú gbogbo àjọyọ̀ ìgbà náà, ọ̀kan wà tí kò ṣàjèjì sí wa rárá. Ní 1843, àlùfáà Robert Stephen Hawker pe ìjọ rẹ̀ ní Morwenstow, abúlé etíkun kan ní Cornwall, sí ìsìn ìdúpẹ́ fún irè oko. Láti ibẹ̀ ni Ìkórè inú ṣọ́ọ̀ṣì, bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí, ti tàn kálẹ̀. Ọdún yìí kan náà ni wọ́n gbé ọwọ́ lé Samuel Ajayi Crowther lórí ní Lọ́ńdọ̀nù fún iṣẹ́ àlùfáà. Àwọn ìjọ tí irú Crowther gbìn sí ilẹ̀ wa gba Ìkórè mọ́ra, a fi iṣu, àgbàdo, ewúrẹ́ àti ijó kún un, ó sì di tiwa pátápátá. Tí ó fi jẹ́ pé ọmọ Yorùbá tí ó bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kẹsàn-án, tí ó rí ápù, elégédé àti oúnjẹ inú agolo tí wọ́n tò síwájú pẹpẹ, tí wọn yóò kó lọ fún àwọn aláìní lẹ́yìn ìsìn, mọ̀ pé ilé ni òun wà.

Ìdí oúnjẹ ni ó ṣòro díẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ó bá bá wa lẹ́nu oúnjẹ, "Ẹ wá jẹun" ni ó ń gbọ́, a kì í bi í pé ta ni ó pè é. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ a ti dá ọjọ́ fún ọ láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, yóò sì retí pé kí o mú àwo oúnjẹ kan tàbí ìgò ọtí dání, àlejò tuntun a sì máa rò pé ahun ni wọ́n. Àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ilé wọn kò fẹ̀, iṣẹ́ a máa gba ọjọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ẹni tí ó bá yọ ọjọ́ Àìkú kan sọ́tọ̀ nítorí rẹ ti bọlá fún ọ.

Àwọn tí ó ṣáájú wa mọ iyì irú tábìlì bẹ́ẹ̀. Ladipo Solanke, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Lísàbí, tí ó dé Ìlú Ọba ní 1922, fi ojú ara rẹ̀ rí bí àwọn onílé ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú. Ní 1925, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀. Láti 1929 títí di 1932 ni ó sì ń ti ìlú dé ìlú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ó ń tọrọ owó lọ́wọ́ ọba àti ìjòyè, kí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà tó ṣí ní Camden, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1933, tí aya rẹ̀ Opeolu sì di ìyá ilé. Mo ka ìyá ilé yìí sí ẹni tí ìtàn kò tíì yìn tó.

Lóde òní, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá, àyájọ́ òmìnira wa ti 1960, ni ó máa ń ṣí ilẹ̀kùn àríyá. Gbọ̀ngàn ilé ìwé tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì ni a ń yá, aṣọ ẹbí a ti Èkó dé, iṣu àti èlùbọ́ a ti ọjà Rye Lane ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, wá, àwọn ọ̀rẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sì ti ń fún wa ní ápù jẹ a jókòó ti mọ́ínmọ́ín pẹ̀lú gèlè tí a bá wọn wé.

Tí ó bá di ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá, iná ni. Ní 1605, Guy Fawkes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àgbá ẹ̀tù 36 sábẹ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Westminster láti fi pa Ọba James Kìn-ín-ní. Àṣírí tú, wọ́n sì ń dáná ìrántí rẹ̀ láti ìgbà náà. Ère ènìyàn tí wọ́n máa ń jù sínú iná náà kò dùn mọ́ mi, n kò sì rò pé yóò dùn mọ́ mi láé; ṣùgbọ́n bí gbogbo àdúgbò ti ń jáde dúró yí iná ká nínú òtútù, tí ẹni tí kò kí ọ láti ọdún tó kọjá ń na ànàmọ́ gbígbóná sí ọ, ohun àpọ́nlé ni. Ní àsìkò kan náà ni àwọn ará Íńdíà, pàápàá ní Leicester, ń tan fìtílà Diwali tí wọ́n sì ń gbé àkàrà dídùn ká ilé aládùúgbò.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀gbọ́n tí ẹ ní ọmọ lókè òkun, bí ẹ bá pè é ní ìgbà ìwọ́wé tí ń bọ̀, tí ẹ béèrè iṣẹ́, tí ẹ béèrè ìwé ìgbélùú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi í pẹ̀lú pé ta ni ó ń bá jẹun. Bí kò bá rí orúkọ ẹnikẹ́ni dá, ẹ gbà á níyànjú kí ó se ìrẹsì kí ó sì pe aládùúgbò rẹ̀.